Ọkọ̀ tó ń jò níbi tí a so ó mọ́: bí a ṣe wá ojú omi kọ̀ọ̀kan tí a sì dí i

Ọkọ̀ ojú omi náà gùn tó mítà 6. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹńjìnnì oníbẹntiróòlù rẹ̀ wà nínú, ní ìdí ọkọ̀, ẹsẹ̀ tó ń yí prọ́pẹ́là sì la ògiri ìdí ọkọ̀ kọjá bọ́ sínú omi. Inú omi iyọ̀ ló ń sùn, a kì í fà á sórí tírélà lẹ́yìn ìrìn. Ìyẹn ló mú kí jíjò rẹ̀ ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ orí tírélà lè máa jò fún ọdún púpọ̀ kí ẹni tó ni ín má mọ̀: tó bá ti jáde lómi, wọ́n á yọ èdídí ìdí rẹ̀, omi á ṣàn dànù. Ti ọkọ̀ tí a so mọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ń wọlé lóru, á máa wọlé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdí ọkọ̀ á máa rì díẹ̀díẹ̀, àwọn ihò tí wọ́n dá sókè omi á bọ́ sábẹ́ omi, èyí tó ń kán tẹ́lẹ̀ á wá di èyí tó ń ya wọlé.

Bátìrì ló kọ́kọ́ ta wá lólobó. Ikùn ọkọ̀ kì í kún, torí pọ́ǹpù tó ń tan fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bátìrì tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi fólítì 12.7 nígbà tó bá kún ń rẹ̀ ṣáá láìsí ẹni tó tan iná. Mo wá so ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka iye ìgbà tí pọ́ǹpù tan mọ́ wáyà rẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí irú ẹ̀rọ yẹn wà nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń sùn lómi, torí pọ́ǹpù tó dára máa ń bo àṣírí ọkọ̀ tó ń jò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Nǹkan bí ẹ̀kán omi 20 ló ń pé mìlílítà kan. Bí omi bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ti lé ní lítà 4 lójúmọ́, ó sì tó lítà 30 lọ́sẹ̀. Ìyẹn ni èyí tí èèyàn ń wò tó ń sọ pé kò burú. Ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25 péré, tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sísàlẹ̀ ojú omi, á máa gba omi tó lé ní lítà 40 wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni họ́ọ̀sì kan tó yọ lẹ́nu páìpù máa ń ṣí sílẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n kọ gálọ́ọ̀nù 500 sí lára, ìyẹn nǹkan bíi lítà 1,900 ní wákàtí kan, kò lè bá a dù ú, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé iye tí wọ́n kọ yẹn kò ka gíga tí pọ́ǹpù ní láti ti omi gùn mọ́ ọn. Pọ́ǹpù ń fún èèyàn láyè láti débẹ̀ ni. Mi ò gbà rí pé ó tún nǹkan kan ṣe.

Irú omi wo ló wà níbẹ̀?

Kí a tó gbé gọ́ọ̀mù kankan, mo fẹ́ mọ̀ bóyá omi òkun ni tàbí omi òjò. Àwọn kan máa ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Mi ò fara mọ́ ọn rárá: epo ẹńjìnnì wà nínú omi yẹn, omi tí a ń rọ sínú ẹńjìnnì kó má bàa gbóná sì jẹ́ májèlé. A fọ ikùn ọkọ̀ mọ́ pátápátá ná, torí iyọ̀ àtijọ́ tó ti gbẹ síbẹ̀ lè tan ni jẹ. Nígbà tí omi tuntun kó jọ, mo kán díẹ̀ sórí dígí, mo kán omi òkun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kán omi òjò náà, mo sì gbé e sínú oòrùn. Omi òkun fi iyọ̀ funfun sílẹ̀, omi òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan sílẹ̀. Èyí tó wá láti ikùn ọkọ̀ fi iyọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò nípọn tó ti òkun.

Ó túmọ̀ sí pé méjèèjì ló ń wọlé. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tó ń ka pọ́ǹpù sọ ohun kan náà: pọ́ǹpù ń tan lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, ó sì ń tan púpọ̀ sí i lọ́jọ́ òjò. Kò sì yẹ kí èèyàn fojú kéré òjò. Mìlímítà 10 òjò lórí mítà kan níbùú lóòró jẹ́ lítà 10. Bí ojú ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀ bá fẹ̀ tó irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ, tí òjò mìlímítà 50 sì rọ̀, lítà 400 ló bọ́ sórí rẹ̀. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló rí ọ̀nà wọ ikùn ọkọ̀, lítà 40 nìyẹn.

Ikùn gbígbẹ

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò nìyí, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Nínú ikùn tó tutù, gbogbo nǹkan ló jọ pé ó ń jò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mo fi ṣáájú. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rà sí. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi ilé wọ inú ikùn ọkọ̀ oníbẹntiróòlù, torí iná tó ń ta nínú mọ́tò rẹ̀ tó láti dá ìbúgbàù sílẹ̀. A ṣí ìdérí ẹńjìnnì, a jẹ́ kí fáànù fa èéfín jáde, a fi pọ́ǹpù ọwọ́ gbọ́n èyí tó pọ̀, a sì fi kànìnkànìn àti àkísà nu èyí tó kù. Aṣọ tó ń mu epo la kọ́kọ́ tẹ́ sójú omi náà kí epo má bàa tẹ̀ lé omi lọ sínú òkun.

Inú ọkọ̀ fáíbà ní àwọn ìtì igi gígùn tí wọ́n fi fáíbà bò mọ́lẹ̀, àwọn tó dábùú náà sì wà. Wọ́n pín ikùn sí yàrá yàrá, ihò kékeré sì wà lára ìtì kọ̀ọ̀kan tí omi ń gbà lọ sí ìdí ọkọ̀ níbi tí pọ́ǹpù wà. Mo fi gọ́ọ̀mù butyl tó rọ̀ dí àwọn ihò yẹn fún ìgbà díẹ̀, kí omi yàrá kan má bàa dé èkejì. Mo tẹ́ bébà tó ń mu omi sí yàrá kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà gbọọrọ sára ògiri inú, sábẹ́ ibi gbogbo tí síkúrù tàbí wáyà ti gba ara ọkọ̀ kọjá. Omi tó bá gba ibẹ̀ á pa ṣọ́ọ̀kì rẹ́, ojú ọ̀nà rẹ̀ á sì hàn kedere.

Nítorí ìdí ọkọ̀ ló rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni gbogbo omi máa ń kó sí, ẹńjìnnì ni wọ́n sì máa ń dá lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi tó ń jò kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹńjìnnì.

Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀

Yàrá ìdí ọkọ̀ ló kọ́kọ́ tutù, láìsí òjò, ògiri rẹ̀ sì gbẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi náà kò gba ara ògiri wá. Mo da omi díẹ̀ síbẹ̀ kí pọ́ǹpù lè tan, mo sì dúró wò ó. Ó fa omi jáde, ó kú, omi sì ń padà bọ̀ láti inú họ́ọ̀sì.

Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ papọ̀. Ìkíní, họ́ọ̀sì tí fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25 ń gba omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì lítà nínú mítà kọ̀ọ̀kan, gbogbo èyí tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń ṣubú padà nígbà tí pọ́ǹpù bá kú. Nínú ikùn tó tóóró, ìyẹn lè tó láti gbé swíìṣì tó ń léfòó sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, kí pọ́ǹpù máa gbé omi kan náà lọ, gbé e bọ̀, títí bátìrì á fi kú. Ìkejì burú jù. Ẹnu ibi tí họ́ọ̀sì ti ń tú omi jáde kò ga púpọ̀ sí ojú omi. Bí ìgbì bá bò ó, tàbí tí èèyàn méjì bá dúró ní ìdí ọkọ̀, ẹnu yẹn á rì, omi òkun á sì máa fà wọlé gba inú họ́ọ̀sì àti pọ́ǹpù, torí kò sí ohunkóhun nínú irú pọ́ǹpù yìí tó ń dí i lọ́nà.

Wọ́n máa ń ta fáàfù tó ń jẹ́ kí omi lọ tí kì í jẹ́ kó bọ̀. Mi ò fi sí i. Ìdọ̀tí kékeré ló máa ń há a ní ṣíṣí, tàbí kó há a ní pípa, tí pọ́ǹpù á wá máa ṣiṣẹ́ lásán. A gbé ẹnu ìtújáde sókè sí ibi tó ga jù tí ògiri ọkọ̀ gbà wá láyè dé, a sì jẹ́ kí họ́ọ̀sì kọ́kọ́ gùn dé abẹ́ etí ọkọ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu náà, pẹ̀lú ihò afẹ́fẹ́ kékeré ní orí rẹ̀ kí omi má lè fà padà. A tún lo họ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ dán dípò onípele tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi sì ń jáde kíákíá ju ti ìṣáájú lọ. Ihò àtijọ́, fáíbà àti epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń gan le, la fi dí i, nínú àti lóde.

Òjò

Fún òjò, a lo họ́ọ̀sì omi láìfi nǹkan tó ń mú un le sí ẹnu rẹ̀. Omi tó ń ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ la fẹ́, torí omi tó le á wọ ibi tí òjò kò lè wọ̀. Àbúrò mi di họ́ọ̀sì mú níta, mo wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti jígí kékeré. Ìsàlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, à ń gùn lọ sókè. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ lókè, omi á ṣàn kọjá ibi gbogbo, a ò sì ní mọ èwo ló jẹ̀bi.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbé e sókè?”

“Dúró ná, má tíì gbé e.”

Ìgbà tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn, báyìí la ṣe lò ó. Omi máa ń pẹ́ kó tó dé ibi tí a ti lè rí i. Ojúpọ̀ ibi tí òkè ọkọ̀ ti bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ pàdé, lábẹ́ róbà etí ọkọ̀, gbẹ. Ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú gbẹ. Nígbà tí omi dé irin iwájú ọkọ̀ tí a ń so okùn mọ́, kò sí nǹkan kan níwájú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó wà nítòsí ẹńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Omi náà ń gba ara bóòtù, ìyẹn ìṣó onínọ́ọ̀tù tó di irin yẹn mú, wọlé, ó ń rìn láàárín ara ọkọ̀ àti fáíbà inú tí wọ́n fi bò ó, ó sì ń yọ ní ìdí ọkọ̀. Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ kò ní ronú kan irin iwájú láé.

A tú irin náà. Àjà iwájú ọkọ̀ jẹ́ pátákó tí fáíbà bò lókè àti nísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ilẹ̀ sì jáde láti inú ihò bóòtù kan. Mo fi òòlù kékeré lu àyíká rẹ̀. Ibi tó le ń dún kọ́kọ́, ibi tó ti rà ń dún gbọ̀ọ̀. Ó ṣe é gbà là, kò tàn jìnnà. Mo wú pátákó tó rà jáde, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo fẹ ihò mìlímítà 8 náà dé 14, mo lẹ nǹkan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì rọ epoxy tó nípọn kún un. Nígbà tó gan, mo lu ihò mìlímítà 8 tuntun sí àárín epoxy náà. Bí omi bá tilẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, epoxy ló máa bá pàdé, kò ní kan pátákó.

Butyl ni mo tẹ́ sábẹ́ irin náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún gbogbo ohun tó wà lókè omi tí a lè fẹ́ tú lọ́jọ́ iwájú, torí kì í gan láé. Mo gbẹ́ ẹnu ihò lókè kó fẹ̀ díẹ̀, mo fi butyl yí ọrùn bóòtù ká, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ di orí bóòtù mú lókè kó má yí, kí ẹnì kejì máa yí nọ́ọ̀tù nísàlẹ̀; bí bóòtù bá yí, butyl á já kúrò lára rẹ̀. Ẹ mú un le díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ padà wá mú un le sí i bí butyl ṣe ń fún jáde.

Sílíkónì la rí lábẹ́ irin náà nígbà tí a tú u. Inú mi kò dùn sí i. Ó máa ń fi ohun kan sílẹ̀ lára fáíbà tí gọ́ọ̀mù mìíràn kò lè lẹ̀ mọ́, kódà sílíkónì tuntun pàápàá. Fífọ̀ ọ́ kúrò gba wa lákòókò ju àtúnṣe fúnra rẹ̀ lọ.

Gọ́tà tó yí ìdérí ẹńjìnnì ká náà ń jò: họ́ọ̀sì tó ń gbé omi rẹ̀ jáde ti yọ. A dá a padà, a fi kílíìpù dè é.

Omi iyọ̀

Èyí tó kù ni èyí tó lè rì í. Ní ògiri ìdí ọkọ̀, mo lẹ bébà sábẹ́ gbogbo ohun tó la ògiri náà kọjá: èdídí, ibi tí wáyà jíà ti wọlé, òpó tó ń yí ẹsẹ̀, ihò ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi, họ́ọ̀sì tó ń gbé omi òkun wá fi tu ẹńjìnnì lára. Bébà abẹ́ wáyà jíà tutù, ó sì pẹ́ kó tó tutù. Èèyàn méjì lọ dúró ní ìdí ọkọ̀ kó lè rì sí i. Ẹ̀kán náà yára. Lẹ́yìn náà, a gbé ẹsẹ̀ náà sókè, a yí i sápá kan. Ó tún yára. Nígbà tí a yí i sápá kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró.

Ohun tó ń fẹ̀ tó ń súnkì nígbà tí ẹsẹ̀ bá yí ni róbà. Lára ẹsẹ̀ irú ẹńjìnnì yìí, róbà mẹ́ta ló wà tó ká wẹ́wẹ́ bí ẹwìrì. Èyí tó tóbi bo ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹńjìnnì lọ sínú ẹsẹ̀. Èkejì gba èéfín. Ìkẹta kéré, ó bo wáyà jíà, òun sì ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bí ti èéfín bá ya, kò sábà rì ọkọ̀. Bí èyí tó tóbi bá ya, omi á ba bíárìn jẹ́, á sì tún wọ ọkọ̀. Bí kékeré bá ya, omi á kàn tẹ̀ lé wáyà wọ inú ọkọ̀, láìsí ariwo kankan.

A gbé ọkọ̀ jáde lómi. Mo fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú kí n tó tú nǹkan kan, nítorí náà a dí yàrá ìdí ọkọ̀, a da omi tí a pò mọ́ aró sínú rẹ̀, díẹ̀ ni, kó má dé ara ohun tó ń lo iná. Lítà omi kan wúwo tó kílógíráàmù kan, ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ kò sì ní omi níta tó ń gbé e ró, torí náà a fi igi gbé ìdí rẹ̀ dáadáa kí a tó dà á. Omi aláró yọ lábẹ́ róbà kékeré náà, níbi ìká rẹ̀ tí a kò lè rí lókè. Ó sì yọ níbòmíràn tí bébà kò sọ fún wa: yíká irin tí èdídí ìdí ọkọ̀ ń wọ̀.

A tú ẹsẹ̀. Nígbà tó ti wà nílẹ̀, róbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la pààrọ̀. Iṣẹ́ títú ẹsẹ̀ pọ̀ jù kí èèyàn fi èyí tó ti gbó sílẹ̀ lára rẹ̀. A ha ẹnu irin tí róbà ń jókòó lé títí kò fi sí ìpẹtà àti gọ́ọ̀mù àtijọ́, a lo gọ́ọ̀mù tí ẹni tó ṣe ẹńjìnnì ní ká lò, a sì fi kílíìpù tuntun dè é, èyí tí síkúrù rẹ̀ pàápàá jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Mo yí ẹsẹ̀ lọ yí i bọ̀ dé òpin kí n rí i dájú pé kílíìpù kankan kò kan róbà. Bíárìn ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, a fi gíríìsì sí i. Kí ẹsẹ̀ tó padà sáyè rẹ̀, a fi ọ̀pá ìwọ̀n wò ó bóyá ẹńjìnnì ṣì dúró déédéé sí i.

Síkúrù irin èdídí náà wọ inú pátákó tó wà láàárín ògiri ìdí ọkọ̀, ewu rẹ̀ sì nìyẹn. Epoxy la fi ṣe ihò wọn bí a ti ṣe ti iwájú, a sì fi Sikaflex 291, irú gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi kan, gbé irin náà sáyè. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa gbé 3M 5200, gọ́ọ̀mù ọkọ̀ mìíràn, síbẹ̀. Ó lágbára gan-an, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ tú ohun tó lẹ̀, ó lè ya awọ fáíbà kúrò, mi ò sì fẹ́ ìyẹn lára irin tí mo mọ̀ pé màá tún tú.

Kí ó tó padà sómi

Fáàfù tí omi òkun ń gbà wọlé kò jò, ṣùgbọ́n a pààrọ̀ rẹ̀. Idẹ tí wọ́n fi zinc lú bàbà ni. Omi iyọ̀ máa ń jẹ zinc inú rẹ̀ kúrò, tí bàbà tó kù á pọ́n, á sì máa rún. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ ha á, ó pọ́n. Bronze, ìyẹn bàbà tí wọ́n fi tánganran lú, la fi rọ́pò rẹ̀, kílíìpù méjì sì wà lórí họ́ọ̀sì rẹ̀ báyìí. Mo so èdídí igi rírọ̀ kan mọ́ ọn pẹ̀lú okùn, ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ gan-an, kí ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ má ṣe wá a kiri nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le.

Nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ sómi, mo ní kí wọ́n má tíì tú okùn tó gbé e. Mo wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti bébà gbígbẹ, mo yẹ gbogbo ihò wò, a yí ẹsẹ̀ sápá méjèèjì, a tan ẹńjìnnì títí ó fi gbóná, mo sì tún yẹ̀ wọ́n wò. Ìgbà yẹn la tó jẹ́ kí wọ́n tú u.

Òjò ńlá ti rọ̀ láti ìgbà náà, afẹ́fẹ́ sì ti fẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ka pọ́ǹpù dúró lójú kan, bátìrì sì ń di agbára rẹ̀ mú. Mo kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ róbà sí inú ìdérí ẹńjìnnì, torí ọdọọdún la ó máa yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀rinrin díẹ̀ ṣì wà lábẹ́ fèrèsé yàrá iwájú. Mo lẹ bébà síbẹ̀, mo sì ń fi wé ọjọ́ òjò. Bó bá ń tutù láàárọ̀ tí òjò kò rọ̀, èémí àti òtútù òru ló ń di omi sára gíláàsì, ihò afẹ́fẹ́ la ó ṣí fún un. Bó bá jẹ́ ọjọ́ òjò nìkan, a ó tú fèrèsé náà.